Ìbọn ìléwọ́ àfọwọ́ṣe àbí ti ilé-iṣẹ́ ńlá: ohun tí mo rí lára méjèèjì

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn 1911, irú ìbọn ìléwọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe, ní Amẹ́ríkà lónìí, iye owó tí yóò rí yóò kọ́kọ́ dà á lójú rú. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá Armscor ń ṣe ní Philippines, tí wọ́n ń pè ní Rock Island, kò ju nǹkan bíi 500 dọ́là lọ. Lórí káńtà kan náà, èyí tí Wilson Combat tàbí Nighthawk Custom fọwọ́ ṣe ní ìlú Berryville, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, lè lé ní 3,000 dọ́là, òmíràn a tún kọjá 4,000. Lójú ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀pá àwọn méjèèjì gùn ní íǹṣì márùn-ún, ọta .45 ni wọ́n ń jẹ, séfútì (ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì yìn) méjì ló wà lára wọn, ọ̀kan níbi àtàǹpàkò, ìkejì lẹ́yìn èèkù. Àwọn méjèèjì ló ń fúnra wọn ju ìkarahun ọta síta tí wọ́n sì ń kó òmíràn sẹ́nu, kí ìka tún tó fà á. Kí wá ni owó tó kù yẹn ń ṣe?

Houston ni mò ń gbé. Mo ní irú méjèèjì, mo sì ń yìn wọ́n ní pápá ìdánrawò àti níbi ìdíje kéékèèké tí a máa ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀, ó ti tó ọdún mélòó kan. Àwọn ará wa tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa wá sí pápá máa ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ dáadáa.

Ibi tí ìbọn náà ti wá ni ọ̀rọ̀ owó yìí ti bẹ̀rẹ̀. John Moses Browning ló ṣe é. Nígbà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń dán an wò, wọ́n yin ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọta láti inú ìbọn kan ṣoṣo, kò há lẹ́ẹ̀kan péré. Oṣù Kẹta ọdún 1911 ni wọ́n gbà á wọlé, ó sì di ọdún 1985 kí wọ́n tó fi ìbọn ilé-iṣẹ́ Beretta rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ogun ń fẹ́ lára ìbọn ni pé kí ẹ̀yà ara ọ̀kan lè wọ inú òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi fáìlì kàn án. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Remington Rand tó ń ṣe taipuráítà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Singer pàápàá, Singer tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣe 500. Ológun lè yọ irin òkè ti ọ̀kan, kó gbé e lé ara ìsàlẹ̀ ti èkejì, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàrin irin kan àti èkejì. Ẹ gbá ọ̀kan nínú àwọn ìbọn ológun àtijọ́ yẹn mú, kí ẹ mì í, ẹ óò gbọ́ tí yóò máa dún wọ́rọ́wọ́rọ́. Àyè yẹn ni ẹrẹ̀ àti iyanrìn ń rí gbà kọjá láì dá ìbọn dúró. Òun náà ló sì ń mú kí ọta fọ́n ká lórí bébà, nítorí irin kì í padà sí ojú ibi kan náà gan-an lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń díje nínú ìbọn yíyìn ní pápá Camp Perry, ní ìpínlẹ̀ Ohio, kò lè fara mọ́ ìyẹn. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn inú iṣẹ́ ológun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ dí àyè náà pa, àwọn alágbẹ̀dẹ aládàáni kọ́ ọ, ó sì di òwò tó wà títí dòní.

Nítorí náà, tí ẹ bá ra àfọwọ́ṣe, wákàtí ọwọ́ ènìyàn ni ẹ ń ra. Alágbẹ̀dẹ á máa fi irin òkè gun ara ìsàlẹ̀, á máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láìmì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Á wọn ọ̀pá ìbọn náà mọ́ ìyókù kó lè tì pa sójú kan náà nígbàkígbà. Lẹ́yìn náà ló máa wá kan tírígà (irin tí ìka ń fà), iṣẹ́ tó gba ojú àti sùúrù jù lọ lójú tèmi: ìkọ́ kékeré kan wà nínú ìbọn tó di òòlù mú, bí ojú ìkọ́ yẹn bá ṣe dán tó ni tírígà yóò ṣe rọrùn tó. Ní Nighthawk, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe ìbọn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì tẹ àmì orúkọ rẹ̀ sí inú rẹ̀. Wilson ṣèlérí pé ìbọn wọn yóò kó ọta jọ sínú íǹṣì kan láti yáàdì 25. Les Baer, oníṣẹ́ àfọwọ́ṣe míì ní ìpínlẹ̀ Iowa, ṣèlérí íǹṣì mẹ́ta láti yáàdì 50, ẹ sì lè san owó lé e kó di íǹṣì kan àtààbọ̀. Kò sí ìbọn ológun àtijọ́ tó lè sún mọ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi. Ìbọn ilé-iṣẹ́ méjì ni mo kọ́kọ́ rà. Ọ̀kan ni Glock 19, 9mm, tó ń gba ọta 15. Kò lẹ́wà, tírígà rẹ̀ wúwo díẹ̀, agbára tí ìka fi ń fà á tó ìwúwo nǹkan bíi páùn márùn-ún àtààbọ̀, àmọ́ kò sí ìgbà tí mo gbé e dé pápá tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tí nǹkan kan bá gbó nínú rẹ̀, mo lè ra òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n fi í síbẹ̀ fúnra mi lórí tábìlì ilé ìdáná. Ìkejì ni 1911 kan tí owó rẹ̀ wà láàrin, tí mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ń há tó bá kan ọta ìkẹyìn: orí ọta á dojú kọlẹ̀ dípò kó wọ ẹnu ọ̀pá. Mágásìnì (àpò irin tí a ń to ọta sí) tó bá a wá ló fà á. Mo ra mágásìnì míì tó dára, àìsàn náà sì tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ta 1911 rere dànù nítorí mágásìnì burúkú.

Nígbà tí mo ti yìnbọn tó láti mọ ohun tí ọwọ́ mi fẹ́, mo pàṣẹ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré kan. Ẹ óò san àsansílẹ̀, ẹ óò sì dúró. Ó lé ní ọdún kan kí tèmi tó dé. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn á béèrè gbogbo nǹkan lọ́wọ́ yín: báwo ni ọwọ́ yín ṣe tóbi tó, ṣé tírígà gígùn ni àbí kúkúrú, irú sáìtì (ohun tí a fi ń wo ibi tí a fẹ́ yìn) wo, ṣé kí wọ́n gbẹ́ àpá sí iwájú èèkù, kí àpá náà sì mú tó báwo. Ẹni tí kò tíì yìnbọn púpọ̀ kò lè dáhùn àwọn ìbéèrè yẹn. Á kàn máa mú ohun tó rí nínú fọ́tò.

Nígbà tó dé, ó há mọ́ra bíi bàtà aláwọ tuntun. Agbára ni mo fi fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ náà sì ti kìlọ̀ pé kí n fi epo sí i dáadáa, kí n sì yin ọta púpọ̀ kó tó tú ara sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé e lé àpò iyanrìn, mo sì yìn ín láti yáàdì 25. Ihò ọta náà wọnú ara wọn. Mo gbé 1911 ilé-iṣẹ́ tèmi lé àpò kan náà, tirẹ̀ fọ́n ká ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ náà kò ṣeé jiyàn.

Àmọ́ tí mo bá dìde dúró, tí mo na ọwọ́ méjèèjì, tí aago ìdíje sì dún, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ọwọ́ mi ló ń mì ju ìbọn lọ. Ibi tí owó ti hàn sí mi ni tírígà. Tèmi kò tó páùn mẹ́rin, ó sì ń já bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi ìṣáná gbígbẹ. Ọta kejì àti ìkẹta máa ń jáde láìjẹ́ pé mo rò ó. Àpá iwájú èèkù náà, ẹni tó bá mọ oòrùn Houston ní oṣù Kẹjọ yóò mọyì rẹ̀: ọwọ́ tó ń làágùn kì í yọ̀ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, séfútì àtàǹpàkò rẹ̀ bàjẹ́. Lára ìbọn ilé-iṣẹ́, ohun kékeré ni èyí. Mo ra séfútì tó dára, kò wọlé. Wọ́n ti họ ibi tó ń jókòó sí mọ́ ti àkọ́kọ́, àlejò sì ni gbogbo irin míì níbẹ̀. Mo ní láti dá ìbọn náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, ó sì pẹ́ ní oṣù mélòó kan kó tó padà wá. Wọ́n tún un ṣe dáadáa, wọn ò gba kọ́bọ̀, mi ò sì bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí àwọn tó ń polówó kì í sọ: bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń dí àyè yẹn pa, bẹ́ẹ̀ ló ń so yín mọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yà ara ìbọn àfọwọ́ṣe kò mọ ẹlòmíràn àfi ara wọn. Tí alágbẹ̀dẹ náà bá ti fẹ̀yìn tì tàbí tó ti kú, ẹ óò máa wá ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lákọ̀tun.

Àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà náà la irú èyí kọjá. Láti àárín àwọn ọdún 1980, alágbẹ̀dẹ tiwọn ní Quantico, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ló ń kó ara ìsàlẹ̀ 1911 àtijọ́ jọ, tó ń fọwọ́ ṣe wọ́n fún àwọn ọmọ ogun àkànṣe. Ìbọn rere ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ń gbó, ọwọ́ tó lè tún wọn ṣe kò sì pọ̀. Ní 2012, wọ́n yíjú sí ilé-iṣẹ́ Colt, wọ́n ra M45A1, irú 1911 tó ti ilé-iṣẹ́ wá. Nígbà tó di 2017, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà yan ìbọn SIG tí wọ́n ń pè ní M17 láti rọ́pò Beretta, ìbọn tí ẹ lè pààrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo nǹkan inú rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ẹ̀rọ agbẹ́rin tí kọ̀ǹpútà ń darí ti dín ìyàtọ̀ àárín àfọwọ́ṣe àti ti ilé-iṣẹ́ kù gan-an. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń fi ọ̀sẹ̀ kan họ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rọ lè gbẹ́ ẹ dé ibi tó sún mọ́ ọn kí ọwọ́ tó kàn án. Nítorí rẹ̀ ni àwọn tó wà láàrin, bíi ìbọn ilé-iṣẹ́ Dan Wesson, ṣe ń wù mí. Ẹ̀rọ ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ọwọ́ ènìyàn á sì parí rẹ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti àfọwọ́ṣe pátápátá. Ká ní mo fẹ́ ra ẹyọ kan péré lónìí, ibẹ̀ ni mo máa lọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èmi ò ní gbà á níyànjú láti ra àfọwọ́ṣe rárá, bí owó tilẹ̀ wà lápò rẹ̀. Kó ra Glock tàbí irú rẹ̀ ní 9mm, torí ọta .45 wọ́n jù ú lọ dáadáa, kó sì ná ìyókù sórí ọta àti olùkọ́.

Ní ti òfin Amẹ́ríkà, bákan náà ni méjèèjì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹ ti pé ọdún 21 kí olùtajà tó ní ìwé àṣẹ tó lè ta ìbọn ìléwọ́ fún yín. Ẹ óò kọ fọ́ọ̀mù 4473, wọn á sì yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ ìjọba. Tí alágbẹ̀dẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ míì, ọ̀dọ̀ olùtajà ní ìpínlẹ̀ yín ló máa fi ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ lẹ óò ti gbà á. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà (green card) lè rà á. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ dí i lọ́wọ́, àfi níbi ìyọ̀ǹda díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun lè gbé e lọ sílé: òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ sí èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní.

Kí ẹ tó san owó ìbọn èyíkéyìí, ẹ ra àpótí irin tó ń tì. Ní ilé wa, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò àti àlejò kì í dá ẹsẹ̀ dúró, yàrá tí ẹ rò pé ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ ni wọn á kọ́kọ́ wọ̀. Tèmi máa ń wà ní títì, láìsí ọta nínú rẹ̀, ọta sì wà ní ibòmíràn.

Tó bá jẹ́ pé àfọwọ́ṣe lọ́kàn yín ṣì fẹ́, ẹ pe alágbẹ̀dẹ náà lórí fóònù kí ẹ tó san àsansílẹ̀. Ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò fọwọ́ kan ìbọn yín gan-an, bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí àtúnṣe tó padà dé, ẹ̀yà wo nínú rẹ̀ lẹ lè rà lọ́jà kó sì wọlé láìsí fáìlì, àti ta ni yóò máa tún un ṣe tí òun bá fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ń yẹ ìbéèrè ìkẹyìn yẹn sílẹ̀, ẹ má san owó fún un.