Agolo ata, ìbọn, ike oúnjẹ àbí ṣaworo: èwo lẹ máa rà kí ẹ tó wọ igbó béárì?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sun igbó mọ́jú ní Montana, ní Alaska tàbí lórí òkè Rockies ní Alberta, nǹkan mẹ́rin ló máa bá lórí àtẹ: agolo ata, ìbọn, ike tí béárì kò lè ṣí, àti ṣaworo. Ẹ ò nílò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Agolo ata ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ sí, ike oúnjẹ ló tẹ̀ lé e. Ìbọn wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, tí òfin ibẹ̀ sì gbà á láyè. Ti ṣaworo, mo máa dé ibẹ̀.

Ohun tó ń ta nínú ata rodo gan-an, capsaicin, ni wọ́n fún mọ́ inú agolo. Ẹni tó bá ti wà nílé rí nígbà tí ata bọ́ sínú epo gbígbóná, tí gbogbo ilé ń wúkọ́, tí ojú ń ṣomi, ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Béárì, tó jẹ́ pé imú ló fi ń wá oúnjẹ, ló wá máa fà á símú.

Ẹ ka ara agolo kí ẹ tó sanwó. Capsaicin àti àwọn ìbátan rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní gíráàmù 225, kó sì lè fọ́n dé mítà 7 àbọ̀ ó kéré tán, fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Ní Amẹ́ríkà, ẹ wá nọ́ńbà EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, lára rẹ̀. Agolo kékeré tí wọ́n ń fi sínú báàgì nítorí olè kọ́ nìyí o. Owó rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín dọ́là 35 sí 60. Ẹ wo déètì rẹ̀ náà, torí bó bá ti tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, agbára tó ń tì í jáde á ti rọ̀.

Béárì lè sá eré kìlómítà 56 ní wákàtí kan. Bó bá já láti mítà 50, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lẹ ní. Ìbàdí tàbí okùn àyà báàgì ni agolo ti gbọ́dọ̀ wà. Èyí tó wà lábẹ́ aṣọ nínú báàgì kò yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ gbàgbé sílé. Ẹ ó fi àtàǹpàkò fa ìdènà rẹ̀ sẹ́yìn kó bọ́, ẹ ó na apá, ẹ ó dojú agolo kọ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ku nǹkan bíi mítà 9 sí 18, kí ìkùukùu náà ti di ògiri kó tó dé. Wọ́n ń ta agolo ìdánrawò tí kò ní ata nínú. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lo tèmi, mi ò rántí fa ìdènà yẹn. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ títí, kò sí ohun tó jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ọ̀kan.

Agolo ata ní àléébù. Atẹ́gùn lè gbé e padà sójú yín, òtútù líle sì ń dín bó ṣe ń jìnnà kù. Kò wọ bàálù rárá, ì báà jẹ́ báàgì ọwọ́ tàbí ẹrù ìsàlẹ̀, nítorí náà ibi tẹ́ ẹ bá balẹ̀ sí ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má fọ́n ọn sára àgọ́ bí oògùn ẹ̀fọn: bó bá ti gbẹ, òórùn rẹ̀ ń pe béárì ni.

Ìbọn ńkọ́? Ọdẹ máa ń ba sí ibùba, á fojú sun ẹran kó tó yìn. Ẹni tí béárì já lù lójijì kò ní àyè yẹn. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ọta kékeré kan sì gbọ́dọ̀ bá ibi tó lè pa á. Ìkùukùu ata gbòòrò ju béárì fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ nípa béárì, Tom Smith, Stephen Herrero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ 83 wò tí wọ́n ti lo ata ní Alaska láàárín 1985 sí 2006: ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbé e dání ni kò fara pa. Ní 2012, wọ́n tẹ ti ìbọn jáde, ìṣẹ̀lẹ̀ 269: ìbọn ìléwọ́ ṣiṣẹ́ ní ìdá 84, ìbọn gígùn ní ìdá 76. Ìṣẹ̀lẹ̀ inú méjèèjì kò rí bákan náà, ẹ má gbé nọ́ńbà wọn lé òṣùwọ̀n kan. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ẹni tó yìn ín àti ẹni tó gbé e dání láìyìn ín, bí wọ́n ṣe fara pa kò yàtọ̀.

Láti 2010, èèyàn lè gbé ìbọn wọ ọgbà igbó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà (national park) bí òfin ìpínlẹ̀ bá gbà, àmọ́ yíyìn ín níbẹ̀ ṣì jẹ́ èèwọ̀. Ní Banff, ọgbà igbó ìjọba ní Alberta, ẹ ò lè gbé e rìn lójú ọ̀nà. Ẹni tó sì wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti ìbẹ̀wò, òfin kò gbà á láyè láti ní ìbọn, àyàfi ní ọ̀nà díẹ̀ bíi ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Ẹ má fi ìwé ìgbélùú yín ta tẹ́tẹ́.

Ní ti ike, BearVault BV500 mọ́ gaara, ẹ lè rí gààrí yín láti ìta, ó sì ń gba lítà 11 àbọ̀. Ike Garcia dúdú, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ṣí i. Méjèèjì wúwo ju kílò kan lọ. Àpò Ursack fúyẹ́ jù wọ́n lọ dáadáa, ṣùgbọ́n béárì lè tẹ oúnjẹ inú rẹ̀ fọ́, ọgbà igbó Yosemite ní California kò sì gbà á. Ní òkè Adirondack, New York, abo béárì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Yellow-Yellow kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi eyín ṣí BearVault. Ilé iṣẹ́ náà tún ìdérí rẹ̀ ṣe, ó tún ṣí i. Nítorí náà, ẹ bi àwọn aṣọ́gbà ibi tẹ́ ẹ ń lọ léèrè èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọṣẹ ìfọyín, ìpara àti ẹja gbígbẹ náà gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí àgọ́, ó kéré tán mítà 30.

Ṣaworo tí wọ́n ń so mọ́ báàgì kí béárì lè gbọ́ pé èèyàn ń bọ̀ kò ròkè tó, ohùn odò á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè, ẹ pàtẹ́wọ́, pàápàá níbi tí ọ̀nà bá ti yí kọ́nà.

Ibi tẹ́ ẹ ń lọ lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní Yosemite, béárì dúdú nìkan ló wà, ata jẹ́ èèwọ̀, ike sì jẹ́ dandan fún ẹni tó máa sùn nínú igbó. Wọ́n ń yá èèyàn ní ike náà níbẹ̀. Ní ọgbà igbó Yellowstone, níbi tí grizzly, béárì ńlá aláwọ̀ ilẹ̀, wà, ata ni wọ́n ń gbani níyànjú láti gbé, òpó ìsoúnjẹkọ́ sì wà níbi púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ibùdó inú igbó. Tọkọtaya kò gbọ́dọ̀ pín agolo kan lò, torí ẹni tí béárì dojú kọ lè má jẹ́ ẹni tó gbé e dání.