Ọkọ̀ tí mo háyà ní Perth àti ọ̀rọ̀ epo pupa

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì àwọn tí mo háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn ní Perth, ní Scotland. Ọjọ́ kẹta tí mo dá ọkọ̀ padà ni wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti yọ 120 pọ́n-ùn nínú owó mi nítorí "àbàwọ́n pupa" nínú búùtù. Àbí wọ́n rò pé òkú ni mo fi gbé ni? Epo pupa ni, tí mo rà ní Peckham ní London, tí mo fi ọ̀rá mẹ́ta wé!

Ọ̀dọ̀ Bàbá àti Màmá kan ni mo ń gbé e lọ, òyìnbó Scotland tí wọ́n ṣe tíṣà ní Iléṣà nígbà tí bàbá mi wà ní girama. Apá gúúsù adágún Loch Tay ni wọ́n ń gbé báyìí, láàárín àgùntàn. Láìní ọkọ̀, ẹsẹ̀ ló kù.

Mo ti lo ju wákàtí 5 lọ nínú rélùwéè láti King's Cross ní London kí n tó dé káńtà wọn. Ọmọbìnrin ibẹ̀ kò gbójú sókè. Mo ti sanwó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní ó ku owó ìdúró, èyí tí wọ́n máa ń dì mú títí èèyàn á fi dá ọkọ̀ padà, káàdì kírẹ́díìtì nìkan ni àwọn sì ń gbà fún un. Mo ní débíìtì ni tèmi, owó wà nínú rẹ̀. Ó ní kírẹ́díìtì. Mo ní kó dá owó mi padà nígbà náà. Ó ní ó ti wà nínú àdéhùn. Ìgbà tó wá rí i pé n ò kúrò níwájú òun ló sọ pé bí mo bá ra ìnṣọ́ránsì tiwọn ní 22 pọ́n-ùn lójúmọ́, àwọn á gba débíìtì. Àṣé káàdì tí kò dára lè dára! Mo san án. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Bàbá àgbà tó mú mi lọ síbi ọkọ̀ ló jẹ́ kí inú mi rọ̀. Ó bi mí níbi tí mo ń lọ, mo sọ fún un, ó mi orí. Ó ní ọkọ̀ ńlá tí mo sanwó fún máa há síbẹ̀, ó gbé kékeré fún mi. Ó ya ọ̀nà sórí ìwé: Aberfeldy, Kenmore, lẹ́yìn náà kí n fi ọ̀nà A827 sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀nà yẹn gbà, ibi tó bá fẹ̀ díẹ̀, kí èèyàn fi yà fún ẹlòmíì ni, kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó bá sì yà fún mi, kí n na ọwọ́ kí i. Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé! Bí kì í bá ṣe ìwé yẹn, ibi tí èmi àti ọkọ̀ kan tó kó àgùntàn ti pàdé ni ǹ bá wà títí dòní.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà," ni Màmá kí mi lẹ́nu ọ̀nà, kò ṣi ohùn kankan pè. A gún iyán, kantíkantí jẹ mí lójú. Epo ti dà dé ìdajì. Bàbá fúnra rẹ̀ fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ búùtù, ó ku àmì bí àtẹ́lẹwọ́.

Nígbà tí mo dá ọkọ̀ padà, mo fi àmì náà han bàbá àgbà yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí ohun tí wọ́n ń fi í sè, ó kọ nǹkan sórí ìwé. Ìdí nìyẹn tí ímeèlì yẹn fi gún mi lọ́kàn. Mo pè wọ́n, orin ni wọ́n fi dá mi dúró fún 40 ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kejì owó mi padà, wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé epo oúnjẹ ni, pé a ti fọ̀ ọ́. Wọn ò dárúkọ, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti sanwó ọkọ̀ ti Kérésìmesì lọ́dọ̀ wọn, mo sì ti gba káàdì kírẹ́díìtì.