Férémù tàbí Perkins: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà fún ọmọ tí kò ríran?

Bí iléèwé yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ tí kò ríran wọlé, tí owó díẹ̀ sì wà nílẹ̀, férémù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Méjèèjì ni wọ́n fi ń kọ Braille, ìwé alámì tó yọ sókè tí ẹni tí kò ríran ń fi ìka kà. Ẹ jẹ́ kí Perkins, tó jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Braille, dúró ná. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà lórí èyí, pàápàá àwọn olùkọ́ tó ń jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo ní yàrá àkànṣe. Èmi, olùkọ́ ìṣirò ni mí ní JSS, ní iléèwé ìjọba kan n'Ìbàdàn. Kíláàsì tó kún fọ́fọ́ ni mo ti ń lo nǹkan méjèèjì, àárín àwọn tó ń ríran ni ọmọ tí kò ríran jókòó sí.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: férémù, tí àwọn mìíràn ń pè ní hand frame, jẹ́ pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ó ki bébà sáàárín, ẹ ó pa á dé. Tòkè ní fèrèsé kéékèèké, tìsàlẹ̀ ní ihò mẹ́fà lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Stáílọ́ọ̀sì ni irin ṣóńṣó tí ọmọ fi ń tẹ bébà wọ inú ihò, kí àmì lè yọ sókè lódì kejì. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ní ìlà mẹ́rin, fèrèsé 28 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó wọ báàgì iléèwé láìgba àyè.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn bébà ni ọmọ ń tẹ̀. Láti ọ̀tún sí òsì ló ń kọ, gbogbo lẹ́tà ló sì gbọ́dọ̀ yí sódì. Nínú Braille, àyè àmì mẹ́fà ló wà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lápá kan (1, 2, 3), mẹ́ta lápá kejì (4, 5, 6). E àti I kọjú síra wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni D àti F, H àti J, R àti W. Ọmọ tó bá gbàgbé láti yí wọn, tó fẹ́ kọ "idi", "efe" ni yóò bá lórí bébà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, òun á sì fẹ́ sunkún.

Olùkọ́ yàrá àkànṣe wa ló gbà wá lórí èyí. Special Ọ̀yọ́ ló ti kàwé, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1977. Ó ní kí n má pe òsì, kí n má pe ọ̀tún. Ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ni kí n máa sọ, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ ọmọ kọ́kọ́ kàn bó ṣe ń lọ. Bó bá ń kọ, ọ̀tún ni. Bó bá ń kà, òsì ni. Àmì 1, 2, 3 kì í kúrò ní ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, 4, 5, 6 kì í kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ náà yanjú.

Perkins kò ní wàhálà yìí rárá. David Abraham, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi ní iléèwé Perkins fún àwọn tí kò ríran ní Watertown, Massachusetts, ló ṣe é. Ó ti parí èyí àkọ́kọ́ ní 1939, ogun dá iṣẹ́ dúró, ó di 1951 kí wọ́n tó máa ṣe é fún títà. Bọ́tìnì mẹ́fà ló ní fún àmì mẹ́fà, ti àlàfo wà láàárín. Ọmọ á tẹ àwọn tó bá nílò pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, odidi lẹ́tà ti jáde, láti òsì sí ọ̀tún, ojú rẹ̀ sókè. Ó lè fi ìka kà á lójú ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti ìṣirò, mo gbà fún Perkins pátápátá. Ẹ wo ọmọ tó ń yanjú 3x + 7 = 22. Kó tó kọ ìlà kejì, ó gbọ́dọ̀ padà ka ìlà kìíní. Lórí férémù, yóò ṣí i, yóò yọ bébà, yóò yí i padà, yóò kà á, yóò wá dá a padà sójú ibi tó wà gan-an. Kó tó ṣe ìyẹn tán, àwọn yòókù ti dé ìbéèrè kẹta. Lórí Perkins, ìlà kìíní wà lókè níbẹ̀, ọwọ́ kàn máa lọ bá a ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní orí rẹ̀ kò gbé ìṣirò, irinṣẹ́ ni wọn ò fún un.

Kí ló wá dé tí mo ní férémù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà? Owó ńkọ́? Perkins tuntun kan ju 700 dọ́là lọ, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà. Owó yẹn á ra ọ̀pọ̀ férémù. Ó sì wúwo tó gálọ́ọ̀nù lítà márùn-ún tí epo pupa kún inú ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó di ọ̀pá funfun mú lọ́wọ́ kan kò lè máa gbé e láti kíláàsì dé láàbù, ká má tiẹ̀ sọ pé kó gbé e wọ Micra lọ sílé. Ibi tí Perkins máa ń bọ́ sí ni kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àkànṣe, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni náà á lọ sí ìpàdé. Iṣẹ́ àṣetiléwá ò ní ṣeé ṣe. Férémù ń bá ọmọ lọ sílé, ó ń bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé kéwú.

Ariwo Perkins kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó dẹ́rù bà yín. Ó ń dún kà-kà-kà, aago kékeré inú rẹ̀ sì ń lù bí ìlà bá fẹ́ tán. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ọmọ náà síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ọmọ yòókù á tètè mọ́ ọn lára. Èmi tiẹ̀ fẹ́ràn ariwo yẹn, torí bó bá ti dákẹ́, mo mọ̀ pé ó ti parí tàbí ó ti sọnù sójú ọ̀nà, mo sì lè dúró dè é.

Àmọ́ kò sí irinṣẹ́ tó máa ran olùkọ́ tó ń bá pátákó sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ mú eléyìí, ẹ gbé e wá síbí, ó di èyí." Kí ni ọmọ tí kò ríran máa rí mú nínú ìyẹn? Ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ bá ń kọ: "3x, ròpọ̀ mọ́ 7, ó dọ́gba pẹ̀lú 22. Ẹ yọ 7 kúrò lápá méjèèjì." Àwọn tó ń ríran náà, ó ń ṣe wọ́n lóore. Bí mo bá fún kíláàsì ní ìbéèrè mẹ́wàá, mo máa ń ṣa márùn-ún tó gba gbogbo ọgbọ́n inú wọn fún un. Àwọn kan ní ojúsàájú ni. Ẹ fi stáílọ́ọ̀sì kọ ìlà kan ṣoṣo ná, kí ẹ tó bá mi jiyàn. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní January 2019 ti sọ pé kí Braille wà lára ẹ̀kọ́ iléèwé. Mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Bí ẹ bá ń ra férémù, ẹ mú bébà tiyín dání lọ. Ọlọ́jà kan ta oníke fún wa tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ihò ìsàlẹ̀, gbogbo àmì rẹ̀ ló ń ya. Ẹ tẹ ìlà kan kí ẹ tó sanwó, kí ẹ fi ìka tọ́ ọ wò. Onírin dára ju oníke lọ. Perkins àlòkù ńkọ́? Ẹ tẹ bọ́tìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa pọ̀ títí ìlà fi kún. Bí àmì kan bá rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bébà ìwé kíkọ lásán máa ń lu, kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló dára jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ láti January. Stáílọ́ọ̀sì, ẹ ra tó mẹ́ta fún ọmọ kan, kí ẹ wá èyí tí èèkù rẹ̀ tẹ́ lápá kan. Èyí tó bá rí roboto máa ń yí bọ́ sílẹ̀, wọ abẹ́ tábìlì, ẹlòmíràn ló sì máa bá a wá a.