Bàlúùnù oníná tàbí ti háídrójìn: èwo ló dára jù ní 1783?

Ní Paris, ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, Pilâtre de Rozier àti d'Arlandes gòkè nínú bàlúùnù tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Montgolfier. Wọ́n ń ju koríko gbígbẹ sínú iná kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà tutù, bẹ́ẹ̀ aṣọ àti bébà ni wọ́n fi ṣe é! Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n lò lókè.

Ti Jacques Charles, tí háídrójìn (gáàsì tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ) kún inú rẹ̀, tó gbéra ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, lo bíi wákàtí méjì láìsí iná rárá. Òun ni mo fara mọ́. Lóòótọ́, irin àti ásíìdì tí wọ́n fi ń pèsè háídrójìn wọ́n, kíkún rẹ̀ sì ń pẹ́. Ti Montgolfier yá jù ú lọ. Ogunlọ́gọ̀ èrò ló wá wòran méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàlúùnù Charles àkọ́kọ́ tí kò gbé èèyàn já sí Gonesse nítòsí Paris lóṣù Kẹjọ ọdún náà, ẹ̀rù ba àwọn ará abúlé, wọ́n sì fà á ya.