Kílíníìkì ẹ̀jẹ̀ ríru nílé ìwòsàn yunifásítì: dókítà pọ̀, ta ló mọ ìtàn aláìsàn?

Ìmọ̀ ò wọ́n níbẹ̀ rárá. Ẹni tó mọ ibi tí ìtọ́jú aláìsàn dé dúró ló wọ́n. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni dókítà tó ń ṣe house job (ìyẹn, ọdún àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé) ń lò ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́ta náà ni wọ́n sì sábà máa ń dá fún ẹni tí BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) rẹ̀ ti wálẹ̀ láti padà wá. Èyí tó kọ oògùn lóṣù kìíní ti lè wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ lóṣù kẹrin.

Fáìlì ló yẹ kó so ìtọ́jú náà pọ̀. Bí ọ́fíìsì rékọ́ọ̀dù ò bá rí i, wọ́n á ṣí onígbà díẹ̀, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bó tiẹ̀ wà, oògùn tí wọ́n yí padà ló máa ń wà nínú rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi yí i kì í sábà sí níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan. Dókítà kan á fi losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, rọ́pò rẹ̀ láì kọ ìdí. Òmíràn á tún dá lisinopril padà, ikọ́ á dé, wọ́n á wá máa kọ oògùn ikọ́. Amlodipine 10 mg, tó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bákan náà, lè mú ọrùn ẹsẹ̀ wú. Ẹni tí kò mọ̀ pé 5 mg ni tẹ́lẹ̀ lè kọ oògùn tí í múni tọ̀ lé e. Àwọn kan ń lo Norvasc pọ̀ mọ́ amlodipine, oògùn kan náà ni! Diclofenac, oògùn ìrora tí kílíníìkì eegun kọ fún orúnkún náà ń gbé BP sókè, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, BP, orúkọ oògùn gan-an (kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é), ìwọ̀n rẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi yí i. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi wọ́n: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi yí i?” Ẹ kó gbogbo páálí oògùn sínú náílọ̀n dání, títí kan ti kẹ́míìsì, kẹ́ ẹ sì dárúkọ àgbo tí ẹ ń mu.

Dókítà àgbà kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí Ìṣẹ́gun bá jẹ́ tiyín, tí ẹ bá yà ní Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ àwọn mìíràn lẹ bọ́ sí. Àwọn rẹ́jísírà (dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di àgbà) máa ń pẹ́ ju àwọn house job lọ, nítorí náà ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó tó pín fáìlì pé kó fi tiyín sọ́dọ̀ èyí tó rí yín kẹ́yìn. Wọ́n sábà máa ń gbà.

Ìmọ̀ ìṣègùn wọn: 4 nínú 5. Fífa aláìsàn lé dókítà mìíràn lọ́wọ́: 2.