Dípúlọ́mà ọjọ́ Sátidé nípa ìwà ọ̀daràn àti ètò ààbò: fáìlì mi sọnù lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí

Ẹ má bi mí léèrè iye owó iléèwé, ó wà lára pátákó wọn. Ọ̀rọ̀ fáìlì mi ló gbé mi dé ibí.

Iṣẹ́ sẹ̀kíúrítì ni mò ń ṣe ní Alágbàká, l'Ákùrẹ́, ọdún kẹsàn-án rèé. Lọ́sẹ̀ kẹta tí a wọlé, olùkọ́ wa fi wákàtí méjì gbáko sọ fún wa pé ẹni tó bá gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹlòmíì gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí kò bá sí lákọsílẹ̀, lọ́yà lè tibẹ̀ wọlé, ẹjọ́ sì lè dàrú ní kóòtù. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń gba fáìlì wa ní ọ́fíìsì iléèwé ní àwọn ò rí fáìlì mi.

"Mà, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ọ̀gá, ṣé èmi nìkan ló ń jókòó síbí ni?"

Mo lọ, mo bọ̀, Sátidé mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta ni mo rántí fóònù mi. Mo ti ya fọ́tò fáìlì náà lórí tábìlì wọn lọ́jọ́ tí mo mú un wá, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ọwọ́ wọn wà lórí ẹ̀, òrùka ń dán níka. Mà wo fọ́tò, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Kò pẹ́ tí fáìlì fi jáde lábẹ́ páálí bisikíìtì. Wọn ò bẹ̀ mí o. "Ẹ ti di ọlọ́pàá nìyẹn," ni wọ́n wí.

Ǹ bá gbowó mi padà lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọ̀sán yẹn la fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àmì ìka. Búrọ́ọ̀ṣì kan fún èèyàn mọ́kànlélógójì, ẹ gbà mí! Ṣùgbọ́n bàbá tó ń tọ́jú yàrá náà gba ìgò Fanta tí mo mu tán, wọ́n rọra fi búrọ́ọ̀ṣì ra pọ́dà dúdú sí i lára, wọ́n fẹ́ ẹ fúù. Ìlà kan yọ, òmíì yọ, ó lọ́ po bí ìkarahun ìgbín. Wọ́n fi téèpù ká a, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun.

"Tiyín rèé."

"Bàbá, Táyé ni mí. Kẹ́yìndé mi tó wà ní Oǹdó ńkọ́?"

"Ìka tiẹ̀ yàtọ̀."

Bàbá wá sọ ti Ajẹntínà fún wa, lọ́dún 1892: ìyá kan pa ọmọ ẹ̀ méjì, ó ní aládùúgbò ni. Wọ́n na ọkùnrin yẹn bí ẹni máa kú, kò jẹ́wọ́. Àtàǹpàkò ìyá náà nínú ẹ̀jẹ̀ lára ilẹ̀kùn ló tú u fó. Mo rántí ọmọ bíríkìlà tí àwa náà gbá létí ní géètì lọ́dún tó kọjá torí bátìrì jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin la rí bátìrì náà lọ́dọ̀ dírẹ́bà ọ̀gá. Mi ò lè jẹun alẹ́ Sátidé yẹn dáadáa.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti sanwó ọdún kejì, mo sì gba rìsíìtì.