Awò ọlọ́rùn gbọọrọ àti ọlọ́rùn títẹ̀: èwo ló yẹ ọdẹ Ẹ̀pẹ́?

Ọ̀nà méjì ni ilé iṣẹ́ Vortex ń gbà ṣe awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n ń pè ní Diamondback HD 20-60x85 (20 sí 60 ni ìlọ́po tó fi ń mú nǹkan tóbi, 85 sì ni fífẹ̀ dígí iwájú rẹ̀ ní mìlímítà): ọ̀kan tọ́ gbọọrọ láti ìdí dé orí, èkejì sì tẹ̀ ní ìwọ̀n dígíríì 45 níbi tí a ń gbé ojú lé. Mo ti lo méjèèjì ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti ní àwọn oko tó wà lọ́nà Ejìnrìn. Ní tèmi, ọlọ́rùn títẹ̀ ló yẹ ọ̀pọ̀ ọdẹ àdúgbò yìí, àyàfi ẹni tó jẹ́ pé inú mọ́tò ló ti máa ń wo ẹran.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé awò yìí kò wúlò nínú igbó kìjikìji, níbi tí ewé kì í ti í jẹ́ kí ojú ríran jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń fi iná orí ṣọdẹ lóru kò nílò rẹ̀ rárá. Ibi tó tẹ́jú tó sì là gbalasa ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, irú bí etí àbàtà, pápá tí wọ́n ti jó, tàbí ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tí ọ̀yà máa ń jáde sí bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí ìgbì kékeré ti tó láti mú kí gbogbo ohun tí a ń wò máa gbọ̀n. Awò olójú méjì ló dára níbẹ̀.

Ohun tó mú mi fara mọ́ ọlọ́rùn títẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó sórí àpótí yóò kàn tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni ń kàwé ni, ọrùn kò sì ní dùn ún bó tilẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a gbé awò lé kò ní láti ga, nítorí náà atẹ́gùn ọ̀sà kò ní máa mì í. Bí bàbá ọdẹ tó ga bá sì fẹ́ fi ẹran han ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ tó kúrú, kò sí pé wọ́n ń fa ẹsẹ̀ awò sókè sódò títí ẹran yóò fi wọ igbó lọ. Ẹni tó ń wo orí igi gan-an kò ní gbọ́rùn sókè.

Ìṣòro rẹ̀ ni wíwá nǹkan. Ojú ń wo ilẹ̀, awò ń wo iwájú, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò yóò sì máa wá kiri ojú ọ̀run. Ẹ mú okùn rọ́bà tí àwọn oníná fi ń di wáyà, ẹ dì í mọ́ ara awò lápá iwájú, kí ẹ jẹ́ kí ìrù rẹ̀ yọ sókè díẹ̀; bí ìrù náà bá ti bá ibi tí ẹ fẹ́ wò mu, ẹran yóò wà nínú awò. Ọlọ́rùn gbọọrọ kò nílò ọgbọ́n yìí, ojú àti awò ń lọ síbì kan náà ni, ó sì rọrùn láti gbé lé fèrèsé mọ́tò. Òjò pàápàá a máa yọ ọlọ́rùn títẹ̀ lẹ́nu: omi kì í wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán a máa dúró sórí dígí tó kọjú sókè, ẹ mú aṣọ tó mọ́ dání.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ọgbọọgba ni méjèèjì. Dígí iwájú fẹ̀ tó mìlímítà 85; bí a bá pín in sí 20, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú fẹ̀ ju mìlímítà 4 lọ, ṣùgbọ́n bí a bá yí i dé 60, kò ju 1.4 lọ, ohun gbogbo a sì ṣókùnkùn. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ dá a padà sí 20. Lọ́sàn-án gangan, ooru tó ń gbéra lórí omi kì í jẹ́ kí 60 fi nǹkan gidi hàn. 30 ti tó, pàápàá fún ẹni tó ń lo ṣakabùlà, tí yóò ṣì ní láti rìn súnmọ́ ẹran náà.

Àwọn kan ní awò orí ìbọn ti tó. Kò tó, nítorí ẹni tó bá fi ìyẹn yẹ nǹkan wò ti na ìbọn sí i nìyẹn, ó sì lè jẹ́ àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀.

Owó méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó lágbára ni kí ẹ fi owó tó bá kù rà, nítorí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ayàwòrán ń lò fún fóònù kò lè gbé e dúró.